Oṣù Mẹ́fà Tó Le Jù: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹni Tí Sójà Ara Rẹ̀ Ti Wálẹ̀ Kí Àìsàn Mìíràn Má Ráyè Wọlé

Nínú àwọn ilé tí mo mọ̀, rírí oògùn HIV, kòkòrò apa-sójà-ara, gbà kọ́ ni ìṣòro. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà, wọ́n sì ń fúnni. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni àárín ọjọ́ tí aláìsàn gbé hóró àkọ́kọ́ mì sí ọjọ́ tí sójà ara rẹ̀ tó padà pọ̀ tó láti jà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri yìí ti lanu ná, ó sì lè gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó padé.

Àṣìṣe ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ oògùn, CD4 rẹ̀, ìyẹn iye sójà ara rẹ̀, jẹ́ 61. Wọ́n fún un ní Septrin mọ́ ọn. Àwa méjèèjì wo Septrin yẹn, a rẹ́rìn-ín, torí oògùn inú ṣíṣu tí ìyá wa máa ń rà ní kẹ́mísìtì nígbà tí a wà ní kékeré ni. A jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ keje, àbúrò mi ò lè rìn dé ibi ẹ̀rọ omi kó má dúró mí. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ń pè ní PCP ló ti wọlé. Kí ni wọ́n fi wò ó? Septrin kan náà ni, rẹpẹtẹ, fún ọjọ́ 21.

Àgbàlagbà tó ní HIV, tí CD4 rẹ̀ kò tó 200, ni mo ń bá ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ti ọmọdé yàtọ̀: ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó ní kòkòrò yìí, ẹlẹgẹ́ ni wọ́n kà á sí, iye yòówù kí CD4 rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ tàbí tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún náà lè lo ọ̀rọ̀ omi, oúnjẹ àti àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kí dókítà rẹ̀ ló sọ oògùn tí yóò lò.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Kádì kíníìkì, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹnì kan níbẹ̀ tó máa ń gbé ìpè.
- Temómítà. Ẹ̀yìn ọwọ́ tí a ń fi kan iwájú orí kì í ṣe temómítà.
- Aago tí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ ń rìn, tàbí fóònù.
- Tọ́ọ̀ṣì kékeré.
- Òṣùwọ̀n. Bí kò bá sí nílé, ẹ lo ti kẹ́mísìtì, àmọ́ kó jẹ́ ọ̀kan náà ni ẹ ó máa lò.
- Ìkòkò omi tó ní ìdérí, tí wọn kì í fi se ohun mìíràn.
- Ìwé ọmọ ilé-ìwé kan àti bírò.
- Ẹnì kan nínú ilé tó mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn gan-an. Bí gbogbo ilé ò bá mọ̀, kò burú. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ta ni yóò sọ fún dókítà ní aago méjì òru?

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gba nọ́ńbà, ẹ má gba "ó kéré díẹ̀"

CD4 ni iye sójà ara. Ti ẹni tí ara rẹ̀ le sábà máa ń ju 500 lọ. Láti ìsàlẹ̀ 200 ni PCP àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ráyè. Ní ìsàlẹ̀ 100, irú kòkòrò tí ń mú búrẹ́dì bu lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé awọ tó bo ọpọlọ. Cryptococcus ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ 50, ojú pàápàá wà nínú ewu. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi ṣe pàtàkì: òun ló ń sọ ohun tí ẹ ó máa ṣọ́.

Bí CD4 kò bá tó 200, ẹ béèrè àyẹ̀wò mẹ́ta mìíràn, ẹ dárúkọ wọn. Èkínní ni CrAg, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún cryptococcus yẹn. Èkejì ni TB-LAM, èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ ṣe láti wá ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Ẹ̀kẹta ni GeneXpert, tí wọ́n fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣe fún ikọ́ kan náà. Kì í ṣe gbogbo kíníìkì ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí tiyín kì í bá ṣe é, ẹ béèrè ibi tí wọn yóò darí yín sí.

Ibi tí a ti ń ṣìṣe: a máa ń fi ojú wọn sójà ara. Mo mọ obìnrin kan tó sanra, tí ara rẹ̀ ń dán, CD4 rẹ̀ ò sì pé 90.

Èyí tó burú jù ni kí orí máa fọ́ èèyàn lákọlákọ kó má sọ títí wọ́n fi fún un ní oògùn. Bí kòkòrò yẹn bá ti wà ní awọ ọpọlọ, òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí oògùn HIV tó bẹ̀rẹ̀. Bí oògùn HIV bá ṣáájú, ara tó ń jí lójijì lè mú kí orí wú sí i, ó sì lè gba ẹ̀mí. Nítorí náà, orí fífọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń jáde lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ìlà mẹ́rin ti wà nínú ìwé yín, CD4, CrAg, ìtọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti èsì ní iwájú ìkọ̀ọ̀kan? Èyí tí wọn ò tíì ṣe, ẹ kọ "kò tíì" síbẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo.

Ìgbésẹ̀ 2: Septrin lójoojúmọ́

Iye tí àgbàlagbà ń lò fún ìdáàbòbò ni 960 mg lójúmọ́. Ẹ wo ara páálí. Bí hóró kan bá jẹ́ 480 mg, méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bí ó bá jẹ́ 960 mg, ẹyọ kan ti tó. Àwọn kan ń lo ẹyọ 480 kan torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lò ó fún ìgbẹ́ gbuuru nílé wọn, àwọn kan sì ń dá a dúró lọ́jọ́ karùn-ún torí inú ò ṣu wọ́n mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe inú ni a ń wò. Odi ni a ń mọ: oògùn yìí ń dènà PCP, ó ń dènà kòkòrò ìgbẹ́ ológbò tí ń ba ọpọlọ jẹ́, ó ń dín ìgbẹ́ gbuuru kù, ó tilẹ̀ ń dín ibà kù pẹ̀lú.

Ṣọ́ra níbí. Súfà (sulfa) wà nínú Septrin. Ẹni tí súfà bá lòdì sí ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ó tó gbé hóró kan mì. Bí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í sú, tí ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ pe kíníìkì lọ́jọ́ náà. Bí awọ bá ń bó, tàbí tí ẹnu àti ojú di egbò, ẹ dá a dúró kíá kí ẹ sì máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi òrí pa á láàárọ̀ kí ẹ wá máa wò ó di alẹ́.

Aláboyún tó ń lo Septrin kò gbọ́dọ̀ lo Fansidar tí wọ́n ń fún aláboyún fún ibà mọ́ ọn. Súfà méjì ni yóò pàdé lára rẹ̀. Níbi ìtọ́jú aláboyún, ibi tí wọ́n ti ń pín Fansidar fún gbogbo ènìyàn lórí ìlà, ojú lè máa ti èèyàn láti sọ̀rọ̀. Ẹ fa nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sọ pé, "Antí, mò ń lo Septrin lójoojúmọ́." Yóò yé e, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò gbọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka hóró lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, ẹ kọ ọ́. Ẹni tó gba 60, tó ń lo méjì lójúmọ́, 40 ló yẹ kó kù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Èmi ò bi àbúrò mi pé "ṣé o lò ó?" mọ́. Mo máa ń kà á ni.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìbéèrè mẹ́rin nípa ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀

Kò sí àrùn tó ń pa àwọn tó ní HIV tó èyí, ó sì gbọ́n jù wọ́n lọ. Lára ẹni tí sójà rẹ̀ kéré, ó lè má wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, àwòrán àyà rẹ̀ sì lè mọ́ tónítóní. Ẹ bi í ní mẹ́rin wọ̀nyí: Ṣé ò ń wúkọ́? Ṣé ara rẹ ń gbóná? Ṣé òógùn ń bò ọ́ lóru débi pé aṣọ ń tutù? Ṣé o ti rù? Ọ̀kan ṣoṣo tó bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ń pariwo lórí rédíò pé kí a fi ikọ́ wò, ti àwa tí ara wa le nìyẹn. Tirẹ̀, ikọ́ ọjọ́ kan náà ti tó.

Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ "rárá", tí àyẹ̀wò sì mọ́, oògùn ìdènà ló kàn. Isoniazid ni, lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà pẹ̀lú vitamin B6, tàbí àdàpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú rifapentine lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. Kíníìkì ni yóò yan ọ̀kan.

Àwọn ibi tí ọ̀ràn ti ń bàjẹ́: wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn ìdènà nígbà tí ikọ́ gan-an ti wà nínú ara. Oògùn kan ṣoṣo kò lè pa á, yóò kàn kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń borí oògùn ni. Wọ́n ń mu ọtí tàbí paraga mọ́ ọn, ẹ̀dọ̀ ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀: bí ojú bá pọ́n bí òroǹbó, tí ìtọ̀ ń dúdú bí kóòkì, ẹ dá oògùn ìdènà náà dúró, ẹ lọ sí kíníìkì. Wọ́n pa B6 tì, wọ́n wá ń sọ pé ẹsẹ̀ ń jó wọn bí ẹni tó tẹ iná.

Ẹ má gbàgbé ará ilé. Ìyá àgbà tó ń wúkọ́ ní yàrá kejì, ayálégbé tó ń rù: àyẹ̀wò ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba, oògùn rẹ̀ náà sì ni. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìdáhùn mẹ́rin wà nínú ìwé ní gbogbo oṣù, ẹ sì mọ ẹni tó ń wúkọ́ nínú ilé àti èsì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ má jẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ pa oògùn ńlá

Oògùn ńlá ni oògùn HIV: hóró kan lójúmọ́ tí wọ́n ń pè ní TLD ni ọ̀pọ̀ ń lò. Dolutegravir wà nínú rẹ̀, dolutegravir yìí kì í sì fẹ́ irin, kálísíọ́mù àti oògùn ọ́lsà funfun tí wọ́n ń mi kí wọ́n tó mu. Wọ́n á so mọ́ ọn nínú ikùn, ara ò sì ní rí i fà. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé ṣe ń rí: aláìsàn funfun lójú, ìyá rẹ̀ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi pupa wá, ṣíbí kan ní àárọ̀, ṣíbí kan ní alẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ TLD. Ìfẹ́ ni o.

TLD gbọ́dọ̀ ṣáájú wọn ní wákàtí méjì, tàbí kó tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Èyí tó rọrùn jù fún wa ni TLD ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sán gangan. A kì í ṣírò mọ́.

Bí wọ́n bá wá rí ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, rifampicin tó wà nínú oògùn rẹ̀ máa ń lé dolutegravir jáde kíákíá; wọ́n gbọ́dọ̀ fi hóró dolutegravir 50 mg kún un lẹ́yìn wákàtí 12. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ tí ẹnikẹ́ni ò sọ èyí, ẹ béèrè. Ní ti àgbo, èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà yìí, torí bí ẹ̀dọ̀ bá bàjẹ́ a ò ní mọ ẹni tó ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 5: Omi àti oúnjẹ

Oògùn omi bíi WaterGuard dára fún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan wà tí ń jẹ́ cryptosporidium, tí kílórínì kì í pa, tó sì lè mú kí ẹni tí sójà rẹ̀ kéré máa yàgbẹ́ fún oṣù gbáko. Iná ló ń pa á. Kí omi hó pupu fún ìṣẹ́jú kan gbáko lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kí ẹ tó gbé e kalẹ̀ kí ẹ sì dé e. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, èmi máa ń tú pure water náà sínú ìkòkò kí n sè é. Àwọn ará ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Oúnjẹ gbígbóná ni. Ẹyin tí ìyeye rẹ̀ ti le, ẹja tó jinná dé egungun, sùyà tí ẹ tún dá padà sínú páànù gbígbóná. Wàrà àti nónò tí wọn ò sè, àti sàláàdì ẹ̀bá títì, ẹ jẹ́ kó di ìgbà mìíràn. Ọbẹ̀ àná, ẹ gbé e ká iná kó hó, kì í ṣe kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ológbò bá wà nílé, kì í ṣe aláìsàn ni yóò kó ìgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ife tó fi ń mumi ní ìdí bẹ́ẹ̀dì, inú ìkòkò yẹn ni omi rẹ̀ ti wá? Lọ́pọ̀ ìgbà, omi tí a sè wà nílé ìdáná, ti inú ife sì ti inú dùrọ́ọ̀mù wá.

Ìgbésẹ̀ 6: Àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀

Ẹ yan ọjọ́ kan. Tiwa ni àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu rẹ̀: bí ahọ́n tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá funfun bí ẹ̀kọ tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ sọ fún kíníìkì. Bí gbígbé nǹkan mì bá wá ń dùn ún, ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun, ìyẹn kò sì ṣeé fi sílẹ̀ di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ yí i padà, ẹ wo ara. Rọ́rọ́ olómi tó tò ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tó ń ta bí iná, yára gba oògùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àpá tó pọ́n tàbí tó dúdú bí èso àgbálùmọ̀ tó ti rà, tí kò dun èèyàn, tí kò sì lọ, kí dókítà rí i. Ẹ ní kó fi ọwọ́ bo ojú kan, kó ka kàlẹ́ńdà ara ògiri, kó tún bo èkejì. Bí nǹkan dúdú bá ń fò kiri nínú ojú rẹ̀, tàbí tí apá kan kàlẹ́ńdà ṣókùnkùn, ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ.

Mímí ló ṣe pàtàkì jù. Jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, má sọ fún un pé o ń kà á, torí ẹni tó bá mọ̀ yóò yí mímí rẹ̀ padà. Wo àyà rẹ̀: ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan. Kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ní alẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ keje àbúrò mi tí mo sọ lókè, mo jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń wo fóònù. Mo ka 34. Mo rò pé mo ṣì í kà, mo tún un kà: 36. Ikọ́ rẹ̀ gbẹ, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ètè rẹ̀ sì ti ń dúdú díẹ̀.

Àwọn tó tó láti gbéra lójú ẹsẹ̀, òru tàbí ọ̀sán, nìyí:

- mímí tó tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́;
- ọkàn tó ń lù ní 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ;
- ooru ara tó tó 39;
- kò lè dá rìn;
- orí tó ń fọ́ láì lọ, pàápàá tí ọrùn bá le, tó ń rí ohun kan ní méjì, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ;
- gìrì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nílẹ̀ wa ni gbólóhùn yìí: "Ibà àti táífọ́ọ̀dù ni." Wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ ní kẹ́mísìtì, wọ́n á so omi fún un nílé, ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nìyẹn. Wọ́n so omi fún àbúrò mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ nǹkan. Ibà lè wà lóòótọ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà tí kò mọ̀ yín, gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín ni: "HIV wà lára rẹ̀, CD4 rẹ̀ jẹ́ iye báyìí, ọ̀sẹ̀ mélòó nìyí tó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn." Bí ìtìjú bá dí ẹnu, ẹ ṣí ìwé náà, ẹ na ìka sí i.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìlà ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́rin, ìwọ̀n, ooru, mímí, lílù ọkàn. Bí ìwọ̀n bá já wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra wọn, kò nílò kó rẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Nígbà tí ara bá burú sí i lẹ́yìn oògùn

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí oṣù mẹ́ta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ TLD, ọrùn lè wú, ibà lè dé, ikọ́ tí kò sí tẹ́lẹ̀ lè yọ. Àwọn ènìyàn á ní, "Oògùn yẹn ló fẹ́ pa á." Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé àrùn ti fara pamọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí sójà tí yóò bá a jà, ilé wá dákẹ́. Nígbà tí sójà padà dé, ìjà bẹ́. Ẹ má dá TLD dúró fúnra yín. Ẹ padà sí kíníìkì láàárín ọjọ́ kan, kí wọ́n wá àrùn náà rí, kí wọ́n sì wò ó.

Bí ó bá ń múra ìrìnàjò tí wọ́n fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí ó fi CD4 rẹ̀ hàn wọ́n kí wọ́n tó gún un. Ààyè ni kòkòrò inú abẹ́rẹ́ yẹn, wọn kì í sì fún ẹni tí CD4 rẹ̀ kò tó 200.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ béèrè CD4 mìíràn àti iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. CD4 àbúrò mi jẹ́ 238 nígbà náà, ó sì fẹ́ ju Septrin nù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Dókítà ní rárá. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé níbi tí ibà ti pọ̀ bíi tiwa, a kì í dá Septrin dúró kìkì nítorí pé CD4 gòkè. Ọjọ́ tí dókítà bá ní ó tó, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sára kádì kó sì fọwọ́ sí i. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹ ṣì máa ka hóró.